Gáàsì ń jò lẹ́nu sìlíńdà: Èwo lẹ lè tún ṣe, èwo ni kí ẹ má fọwọ́ kàn?

Àtúnṣe ohun èlò gáàsì ni iṣẹ́ mi, apá Àríwá Nàìjíríà ni mo sì ti ń ṣe é. Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ, òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí: "Sìlíńdà mi ń rùn. Ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi?"

Mi ò lè dá yín lóhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ọwọ́ ibi tí gáàsì náà ti ń jáde ni ìdáhùn wà. Bí ó bá jẹ́ àárín rẹgúlétọ̀ àti ẹnu sìlíńdà ló ti ń jò, tàbí ìdí họ́ọ̀sì, owó kékeré àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè yanjú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáàfù fúnra rẹ̀ ló ń jò, tàbí ara irin sìlíńdà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi sípánà kàn án nínú ilé, ì báà jẹ́ èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á ní kò yẹ kí n kọ́ ará ilé ní àtúnṣe kankan, pé kí n kàn sọ pé "ẹ pe onímọ̀" kí n sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn láti sọ. Àmọ́ ìyá tó ń ta ìrẹsì ní Maiduguri, tí gáàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, onímọ̀ wo ló fẹ́ pè? Á wá nǹkan dí i ni. Á fi ọ̀rá wé e, á so ó mọ́lẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sàn kí ó mọ èyí tó tọ́.

Kí ló ń jò gan-an?

Propane àti butane ni gáàsì ìdáná tí à ń lò lágbègbè wa. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé, butane lásán ni ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é. Nínú sìlíńdà, omi ni. Bí ẹ bá mì í díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ró. Nígbà tó bá jáde síta ló ń di afẹ́fẹ́, lítà kan rẹ̀ sì máa ń di nǹkan bí ìgba àti àádọ́ta (250) lítà afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ tó jò fi lè kún yàrá.

Gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn tó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí imú lè bá wa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n imú kì í ṣọ́nà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú lè má gbọ́ ọ. Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé ìdáná, òórùn náà lè mọ́ ọn lára débi pé àlejò tó ń wọlé bọ̀ ló máa kọ́kọ́ pariwo. Bí àlejò bá sọ pé ilé yín ń rùn, ẹ má bá a jiyàn.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í ṣe bí èéfín tó ń gòkè. Ilẹ̀ ló ń wá. Ó ń ṣàn bí omi, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí yàrá kejì, ó ń wọ gọ́tà, ó ń sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, iná tó kéré jù lọ ti tó láti mú un gbiná. Ẹni tó sì máa tan iná náà lè má sí nínú ilé yín rárá. Ó lè jẹ́ ará ilé kejì tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, gáàsì jò ní ibùdó gáàsì kan ní Atomic Junction ní Accra, níbi tí ọkọ̀ táǹkà ti ń já ẹrù sílẹ̀. Èèyàn méje ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lafia ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwọ̀nyẹn dé inú ìròyìn torí pé wọ́n tóbi. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, tó jó ìyá àti ọmọ, àwọn ará àdúgbò nìkan ló ń gbọ́ nípa rẹ̀.

Kí ẹ tó wá ibi tó ń jò

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ kọ́kọ́ pa iná tó bá ń jó, kí ẹ sì ti fáàfù sìlíńdà. Bí aago ṣe ń yí ni a ṣe ń tì í. Bí ó bá jẹ́ irú rẹgúlétọ̀ tó ń há mọ́ ẹnu sìlíńdà, ẹ yí bọ́tìnnì rẹ̀ pa, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé jáde.

Ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná mànàmáná kankan nínú yàrá náà. Ẹ má tàn án, ẹ má sì pa á. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń bi mí léèrè nìyẹn: "Ṣé kò yẹ kí n pa á ni?" Rárá o. Nígbà tí súìṣì bá ń kúrò ní títàn sí pípa, iná kékeré máa ń ta nínú rẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Iná kékeré yẹn náà ti tó. Ẹ má tan fáànù kí òórùn lè tètè lọ. Ẹ má fi fóònù pe ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi dé ìta. Ní ìlú tí iná ọba ti ń wá tó sì ń lọ, ewu mìíràn tún wà: bí wọ́n bá mú iná dé lójijì, fíríìjì àti fáànù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí súìṣì àpapọ̀ bá wà níta, tó jìnnà sí òórùn náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa gbogbo rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn jìnnà síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti fáàfù tí òórùn sì dínkù, ẹ gbé sìlíńdà náà lọ síta, sí gbangba, níbi tí kò sí gọ́tà àti iná. Ní òró ni kí ẹ gbé e. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má sì yí i bí ẹni ń yí táyà. Nígbà tó bá wà ní òró, afẹ́fẹ́ ló wà lókè, òun ló sì máa jò. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, omi inú rẹ̀ ló máa jáde, ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa lítà kan àti 250. Omi náà tún tutù débi pé ó lè bó ọwọ́ bí iná ṣe ń bó o.

Bí iná bá ti ń jó lẹ́nu sìlíńdà ńkọ́? Bí ọwọ́ yín bá lè dé fáàfù láìséwu, ẹ tì í, iná á kú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má sáré bu omi pa iná náà. Gáàsì tó ń jó, ẹ rí i, ẹ sì mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá pa iná rẹ̀ tí gáàsì ṣì ń tú jáde, á kún ilẹ̀, á sì wá iná mìíràn lọ. Ẹ jáde, ẹ kó àwọn ará ilé kúrò, ẹ pe panápaná.

Ọṣẹ la fi ń wá a

Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tí ẹ nílò. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ọṣẹ ìfọwọ́ mọ́ omi díẹ̀, kí ó hó dáadáa. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí kànìnkànìn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, lójú ọ̀sán.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń ṣáná sí i láti wo ibi tó ń jò. Wọ́n á ní "gáàsì kékeré ni, iná kékeré náà ló máa ṣe". Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ má ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é nígbà tí fáàfù ṣì wà ní títì, tí ẹ sì ti yọ rẹgúlétọ̀ kúrò. Ẹ fi ìhó ọṣẹ bo ẹnu fáàfù náà, kí ẹ máa wò ó. Bí ọṣẹ náà bá ń wú, tó ń fọ́, tí òmíràn tún ń wú níbẹ̀, fáàfù yẹn kò tì mọ́, iṣẹ́ yín ti parí nìyẹn, ilé iṣẹ́ gáàsì ló kàn. Ẹ fọ́n ọṣẹ sí ìdí fáàfù náà, níbi tó ti wọ inú irin sìlíńdà, kí ẹ sì fọ́n ọn sí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yí ara sìlíńdà ká, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ó ti ń dípẹtà. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó máa ń jókòó sínú omi ilé ìdáná fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí gbogbo ìyẹn bá dákẹ́, ẹ nu ẹnu fáàfù náà gbẹ, ẹ so rẹgúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì padà mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì sítóòfù wà ní pípa, kí ẹ wá ṣí fáàfù díẹ̀. Báyìí, gáàsì ti kún inú họ́ọ̀sì, kò sì rí ibi lọ. Ẹ fọ́n ọṣẹ sí ibi tí rẹgúlétọ̀ ti pàdé ẹnu sìlíńdà, sí ìdí ọwọ́ fáàfù tí à ń yí, sí orí rẹgúlétọ̀, sí ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì, kí ẹ sì tẹ̀lé họ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fara balẹ̀. Ibi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú kan kí ọṣẹ rẹ̀ tó wú.

Ibi tí ọṣẹ bá ti wú ni kí ẹ sàmì sí. Ẹ ti fáàfù padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Èyí tí ọwọ́ yín ká

Nínú sìlíńdà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé ó ń jò, ọ̀pọ̀ jù lọ ló jẹ́ wáṣà. Òrùka rọ́bà dúdú kékeré ni, inú ẹnu fáàfù ló ń gbé, tàbí lẹ́nu rẹgúlétọ̀ ní ti àwọn mìíràn. Òun ló ń dí àárín irin méjèèjì. Bí ẹ bá ń yọ rẹgúlétọ̀ tí ẹ sì ń fi í padà lójoojúmọ́, rọ́bà náà á fẹ̀, á sán, nígbà mìíràn á já bọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ wò ó lójú ọ̀sán. Bí ó bá ti sán tàbí tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ọ̀bẹ máa ń ha irin tó jókòó lé, ìlà kékeré tó bá sì wà níbẹ̀, wáṣà tuntun kò lè dí i. Igi tín-ínrín tí orí rẹ̀ kò mú ló dára. Ẹ má sì tẹ irin kékeré tó wà láàárín ẹnu fáàfù, torí òun ni ilẹ̀kùn gáàsì nínú irú sìlíńdà tó ń lo rẹgúlétọ̀ aláhámọ́. Bí wáṣà náà bá wọlé jinlẹ̀ tí kò sì fẹ́ jáde, ẹ fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ gáàsì á pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá nígbà tí ẹ bá lọ rọ gáàsì. Ẹ mú èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ lè ra èyí tó bá a dọ́gba, tí wọ́n ṣe fún gáàsì. Ẹ má lo wáṣà ẹ̀rọ omi. Ẹ má sì gé rọ́bà inú táyà sí i, mo mọ̀ pé àwọn fọkanáísà máa ń ràn yín lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Gáàsì ìdáná máa ń ba rọ́bà lásán jẹ́. Á dí i lónìí, á wú tàbí kí ó sán lọ́jọ́ mìíràn.

Rẹgúlétọ̀ onínọ́ọ̀tì ní àṣírí tirẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n gé ìlà kéékèèké sí igun nọ́ọ̀tì náà, òdìkejì ni kí ẹ máa yí i. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún gáàsì tó ń gbiná ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi agbára bó o, tí wọ́n rò pé àwọn ń fún un, ṣé wọ́n ń tú u ni. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi dúró, kí ẹ wá fi sípánà fún un díẹ̀ sí i. Bí ó bá ṣì ń jò, títún un fún kọ́ ni oògùn rẹ̀. Tépù funfun tí àwọn púlọ́mbà máa ń wé kò wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú, torí kì í ṣe ìlà nọ́ọ̀tì náà ló ń dí gáàsì, ẹnu irin méjèèjì tàbí wáṣà ló ń dí i.

Ẹ tún wo orí rẹgúlétọ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé tó sì fi ń jáde. Bí ọṣẹ bá ń wú lórí ihò yẹn láìdákẹ́, awọ inú rẹgúlétọ̀ ti ya. Ẹ má dí ihò náà. Ẹ má tú u láti tún un ṣe. Ẹ jù ú nù, kí ẹ ra òmíràn tó bá sìlíńdà àti sítóòfù yín mu. Rẹgúlétọ̀ tí àwọn olóúnjẹ ń lò fún ààrò ńlá máa ń ti gáàsì jáde pẹ̀lú agbára púpọ̀, kò sì yẹ fún sítóòfù inú ilé.

Họ́ọ̀sì kò le. Bí ó bá sán, bí ó bá le gbagidi, bí eku bá ti jẹ ẹ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má so ó pọ̀ láàárín. Ẹ béèrè họ́ọ̀sì gáàsì, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí họ́ọ̀sì omi wà lọ́jà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tirẹ̀. Kílíìpù onísukúrúù ni kí ẹ fi dè é ní ẹnu méjèèjì. Wáyà tí wọ́n fi púláyà lọ́ máa ń gé rọ́bà wọlé. Họ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn sítóòfù kọjá níbi tó gbóná.

Àwọn sìlíńdà kékeré ńkọ́, èyí tí wọ́n ń gbé orí iná lé lórí gan-an? Ó wọ́pọ̀ ní Àríwá Nàìjíríà, ní Senegal sì nìyí, kílò 2.7 àti kílò 6 ni ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná. Wáṣà wà nínú tirẹ̀ náà. Ohun tó sì ń tú u ni ọwọ́ tiwa. Ẹni tó bá ń ro túwó tàbí àmàlà lórí rẹ̀ ń mi orí iná náà síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú. Oúnjẹ tó nílò agbára apá, ẹ gbé e lọ sí orí sítóòfù tó jókòó sílẹ̀. Èmi kì í fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni ro oúnjẹ líle lórí sìlíńdà kékeré, bó ti wù kó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ tún fọ́n ọṣẹ sí i. Bí kò bá wú mọ́, ẹ lè gbé e wọlé.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ìdí fáàfù, níbi tó ti wọ inú sìlíńdà; ìdí ọwọ́ tí à ń yí; àti ara irin fúnra rẹ̀. Bí ọṣẹ bá wú ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ gbé sípánà sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Láàárín rẹgúlétọ̀ àti ilé ìdáná, gáàsì ti rọ̀, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ fáàfù, kò tíì sí ohun tó rọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ tí oòrùn Sókótó tàbí ti Niamey bá mú, agbára tó ń ti fáàfù yẹn láti inú lè ju ti inú táyà ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá fi sípánà ńlá yí fáàfù náà nígbà tí gáàsì wà nínú rẹ̀, tí ó sì já, kò sí ọwọ́ tó lè dá a padà. Ilé iṣẹ́ gáàsì ní ọ̀nà láti kó gáàsì náà kúrò kí wọ́n tó tú fáàfù. Ilé yín kò ní in.

Mo ti rí sìlíńdà tí wọ́n fi abẹ́là dí, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí, tí wọ́n fi ọṣẹ líle rẹ́. Ó máa ń pa òórùn náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Ẹ má sì gbé e lọ fún wẹ́dà, kódà bí ẹ bá rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Sìlíńdà tí gáàsì rẹ̀ tán kì í ṣófo, gáàsì díẹ̀ máa ń kù síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì dàpọ̀ mọ́ ọn, iná wẹ́dà ló kù. Irin tí wọ́n jó lẹ́yìn tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é kì í ní agbára tirẹ̀ mọ́. Ní Oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ kan tó ń lo gáàsì CNG bú gbàmù ní Benin City nígbà tó ń rọ gáàsì. Àwọn aláṣẹ sọ pé wọ́n ti jó sìlíńdà inú rẹ̀, wọ́n ti yí i padà, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní jíjò tí kì í ṣe jíjò. Ọ̀pọ̀ fáàfù ní ihò ìdáàbòbò tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára inú sìlíńdà bá pọ̀ jù. Bí wọ́n bá rọ gáàsì kún un ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ wá gbé e sínú oòrùn, á tú díẹ̀ dànù. A kì í kún sìlíńdà dé ẹnu, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni omi gáàsì gbọ́dọ̀ dé, kí ààyè lè wà fún un láti wú. Ẹni tó bá ń bẹ onígáàsì pé kí ó fi èènì sí sìlíńdà kílò 12.5 òun, ewu ló ń tọrọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ara fáàfù ló ń jò, tí kò sì ṣeé tì, ẹ fi sìlíńdà náà sílẹ̀ ní òró ní gbangba, lábẹ́ òjìji, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí, kí ẹ pe panápaná. Ẹ má gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa tàbí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ láti sáré gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ gáàsì. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa ni ibi tó burú jù fún un.

Ta ló ni sìlíńdà?

Ìbéèrè yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ jíjò tí à ń rí ní Nàìjíríà. Sìlíńdà tí mo bá rà, tèmi ni. Mo lè lò ó fún ogún ọdún, kí n jogún rẹ̀ fún ọmọ. Kò sí ẹni tó ń pè mí pé ó tó àkókò kí wọ́n yẹ fáàfù rẹ̀ wò. Ẹni tó ń rọ gáàsì fún mi fẹ́ ta ọjà rẹ̀ ni, èrò sì wà lẹ́yìn mi.

Ní Côte d'Ivoire, ní Senegal, ní Bénin àti ní Togo, ẹ ó mú sìlíńdà tó ṣófo lọ, wọ́n á fún yín ní èyí tó kún. Ilé iṣẹ́ tó ń kún un ló ní in, òun ló sì ń tọ́jú fáàfù àti wáṣà. Lẹ́yìn ìjàmbá Atomic Junction, ìjọba Ghana náà pinnu láti gba irú ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn sí i. Ẹni tó ra sìlíńdà tuntun kò fẹ́ fi gba ògbólógbòó, àwọn tó ní ibùdó gáàsì sì ń bẹ̀rù pé ọjà àwọn á kú. Mo lóye wọn. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, mo fara mọ́ pàṣípààrọ̀ náà, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti fi hàn mí pé fáàfù tí kò ní olówó kò ní olùtọ́jú.

Kí irú rẹ̀ tó dé Nàìjíríà pátápátá, ojú yín ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo òrùka irin tó yí ọrùn sìlíńdà ká. Ẹ ó rí ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó ṣófo, nínú ọ̀pọ̀ ẹ ó sì rí ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn tí kò ṣeé kà mọ́, ẹ ronú nípa rírà òmíràn.

Bí sìlíńdà bá ń rìnrìn àjò

Ọ̀rọ̀ mi kù síbi ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wà tó ń gbé nínú ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná, gáàsì propane ni wọ́n sì ń fi dáná nínú rẹ̀. Àwọn yẹn mọ̀ pé ìjagbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń tú nọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn gáàsì sì máa ń wà nínú ọkọ̀ náà, nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni gáàsì ń lọ. Ojú ọ̀nà tiwa le ju tiwọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀, tàbí tí ẹ ń gbé sìlíńdà láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ẹ yọ rẹgúlétọ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ de ìdérí fáàfù, ẹ so sìlíńdà ró ní òró, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ọṣẹ kọ́kọ́, iná lẹ́yìn.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Panápaná Ghana ń gba ìpè lórí 192, ti Bénin àti Togo lórí 118, ti Senegal lórí 18. Ẹ kọ èyí tó kàn yín sára ògiri ìta, kì í ṣe sínú fóònù nìkan.

Nígbà tí ẹ bá sì tún lọ rọ gáàsì, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fọ́n ọṣẹ sí ẹnu fáàfù lójú yín. Bí wọ́n bá ní kò sí ọṣẹ, ẹ mú tiyín jáde nínú ìgò tí ẹ mú dání láti ilé.